Ẹ̀yìn Agogo: Ilé-Ìwé Bọ́dìn àti Ọmọ Tí A Rán Jáde Nílé

Ilé-ìwé bọ́dìn ni ilé-ìwé tí ọmọ kì í ti í padà sílé lọ́sàn-án, tó jẹ́ pé ibi tó ti ń kọ́ ìwé náà ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ti ń wẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń sùn sí títí ìsinmi yóò fi dé. Ní Parakou, ìlú kan ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbi tí èdè Faransé ti jẹ́ èdè ìwé, "internat" ni wọ́n ń pe irú ibùgbé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá ìlú náà tí wọ́n ní ẹbí ní Ṣakí, ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ìlọrin mọ̀ ọ́n ní bọ́dìn pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ìhà kejì ẹnubodè. Ọwọ́ amúnisìn méjì ni orúkọ méjèèjì ti wá, ìtàn tó wà lẹ́yìn wọn kò sì jọra, àmọ́ ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń gbé ka iwájú òbí: bí a bá mú ọmọ kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó bí i, ta ni a fi dípò wọn? Inú ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni iyì tàbí àbùkù ilé-ìwé bọ́dìn kọ̀ọ̀kan wà, ju inú ọjọ́ orí rẹ̀, ẹwà ọgbà rẹ̀ tàbí iye owó tí wọ́n ń san níbẹ̀ lọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé àṣà òyìnbó ni láti mú ọmọ kúrò lábẹ́ òrùlé bàbá àti ìyá rẹ̀, ó yẹ kó kọ́kọ́ wo ilẹ̀ Borgu tí Parakou wà nínú rẹ̀. Láàárín àwọn Bàrùbá, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Baatombu, ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń dàgbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn yàtọ̀ sí òbí tó bí wọn, ìbáà jẹ́ àbúrò bàbá, ẹ̀gbọ́n ìyá, ìyá àgbà tàbí ìbátan mìíràn tó wá tọrọ ọmọ náà. Erdmute Alber, onímọ̀ ará Jámánì tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí láàárín wọn, fi hàn pé èrò kan ló wà nídìí àṣà yìí: àwọn àgbà gbà pé àánú ọmọ máa ń ṣe òbí tó bí i ju bó ti yẹ lọ, kò sì ní lè tọ́ ọ bí ẹlòmíràn yóò ti tọ́ ọ. Yorùbá náà kò ṣàì ní irú rẹ̀, nítorí ọmọ a máa lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ọmọ iṣẹ́ a máa gbé ilé ọ̀gá rẹ̀, ọmọ kéwú a sì máa tẹ̀lé àlùfáà lọ sí ìlú tí kò dé rí, pẹ̀lú wàláà rẹ̀ lábẹ́ abíyá. Àwọn tó sọ pé ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó, kò sọ ọ́ láti fi tu òbí nínú lásán. Bí wọ́n ti ń gbé ayé ni wọ́n ń sọ.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe kíkúrò nílé ni ohun tuntun tí ilé-ìwé bọ́dìn mú wá. Ọmọ tí wọ́n fún ìbátan ní Borgu kúrò nínú agbo ilé kan, ó sì bọ́ sínú agbo ilé mìíràn, níbi tí ọmọ ọwọ́ ti ń ké, tí arúgbó ti ń jẹ obì, tí wọ́n ti ń sọmọ lórúkọ, tí wọ́n sì ti ń sin òkú. Níbikíbi tó bá yíjú sí, ó ń rí ẹni tó jù ú lọ àti ẹni tí òun jù lọ, ó sì ń rí bí ẹ̀dá ṣe ń ti orí ipò kan bọ́ sí òmíràn títí dé ọjọ́ ikú. Ohun tí bọ́dìn mú wá ni ilé tí gbogbo àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọdé, tí àgbàlagbà díẹ̀ ń bójú tó wọn, tí agogo sì ń pín ọjọ́ wọn sí wẹ́wẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ti gba ìrísí tí ayé mọ̀ ọ́n sí jù lọ.

Iṣẹ́ àánú ni ilé-ìwé bọ́dìn àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1382, bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ William of Wykeham dá Winchester College sílẹ̀ fún ọmọ 70 tí òbí wọn kò rí já jẹ. Ní 1440, Ọba Henry Kẹfà tẹ̀lé àpẹẹrẹ rẹ̀, ó dá Eton College sílẹ̀, iye ọmọ 70 kan náà ló sì yàn láti máa tọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n gba àwọn ọmọ mìíràn láyè láti bá wọn jókòó, kí wọ́n máa sanwó, ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn tó ń sanwó pọ̀ ju àwọn tí wọ́n torí wọn kọ́ ilé náà lọ, títí ilé tí wọ́n kọ́ fún ọmọ tálákà fi di ilé ọmọ ọlọ́lá. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ilé-ìwé yìí, "public school", máa ń da àlejò láàmú, nítorí ó dún bí ẹni pé ti ìjọba ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni láti agbègbè yòówù lè fi ọmọ rẹ̀ síbẹ̀ bó bá ti lè sanwó, yàtọ̀ sí ọmọ tí wọ́n gba olùkọ́ fún nínú ilé bàbá rẹ̀. Òfin tí ilé aṣòfin wọn ṣe ní 1868 dárúkọ méje nínú wọn, àwọn ni Eton, Winchester, Harrow, Rugby, Charterhouse, Shrewsbury àti Westminster. Lóde òní, ilé-ìwé olómìnira ni wọ́n ń pe gbogbo irú wọn, èyí tó túmọ̀ sí pé kì í ṣe owó ìjọba ló ń gbé wọn ró bí kò ṣe owó tí òbí ń san àti ẹ̀bùn àwọn tó ti jáde níbẹ̀, àti pé ìgbìmọ̀ tiwọn ló ń yan ọ̀gá àgbà fún wọn.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ ìgbé ayé inú wọn jù ni Thomas Arnold, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ìwé Rugby láti 1828 títí ó fi kú ní 1842. Arnold gbà pé ìwà ni kí ilé-ìwé kọ́kọ́ kọ́ ọmọ, kí ìmọ̀ ìwé tó tẹ̀lé e. Ó sọ ilé ìsìn inú ọgbà di oríta gbogbo nǹkan, ó sì gbé àbójútó àwọn kékeré lé àwọn ọmọ kíláàsì tó ga jù lọ́wọ́, kí wọ́n máa ṣe é pẹ̀lú ẹ̀rí ọkàn. Àwọn wọ̀nyí ni ọmọ ilé-ìwé ní Nàìjíríà wá mọ̀ sí pírífẹ́ẹ̀tì. Nínú ọgbà irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n pín àwọn ọmọ sí "ilé", ìyẹn ni pé ọmọ bíi 50 tàbí 60 ń gbé lábẹ́ òrùlé kan, pẹ̀lú olùkọ́ kan tó jẹ́ baálé wọn àti obìnrin kan tó ń tọ́jú aṣọ wọn àti ara wọn, tí wọ́n ń pè ní mátírọ́ọ̀nù. Ilé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ó ní àwọ̀ aṣọ, ó ní ìtàn àwọn tó ti gbé ibẹ̀ rí, ó sì ń bá ilé yòókù díje lórí pápá, bí agbo ilé ti ń ní oríkì tí ó sì ń fi í ṣe fọ́ńté.

Ìjọra yìí ló ń mú kí àìjọra ibẹ̀ ṣe kedere. Nínú agbo ilé, ẹni tó ń pàṣẹ fún ọmọ ti tọ́ ọmọ rí, ó ti sin òkú rí, ó ti ṣìṣe rí, ó sì ti kábàámọ̀, nítorí náà ni Yorùbá ṣe ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Nínú "ilé" ti bọ́dìn, ọmọ ọdún 17 ló ń ṣe àgbà lórí ọmọ ọdún 13, òun náà kò sì tíì ní ẹ̀yìn púpọ̀ tí yóò wò. Fún ọ̀pọ̀ ìran, àwọn ọmọ kékeré ní ilé-ìwé Gẹ̀ẹ́sì ní láti máa ṣe ìránṣẹ́ fún àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n ń dán bàtà wọn, tí wọ́n ń yan búrẹ́dì wọn, tí wọ́n ń dáná sí yàrá wọn nígbà òtútù, ẹni tó bá sì kùnà lè jẹgba lọ́wọ́ ọmọ tó fi ọdún mẹ́rin péré jù ú lọ. Àwọn kan jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ìgboyà àti ọ̀rẹ́ tó bá wọn dé sàréè. Àwọn mìíràn jáde pẹ̀lú ọkàn tó ti kọ́ bí a ti ń pa ẹkún mọ́ra, tí kò sì mọ bí a ti ń sọ ohun tó ń dùn ún mọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn rí àìdára yìí, wọ́n sì ti ń fi òfin tún un ṣe: òfin nípa àwọn ọmọdé tí wọ́n ṣe ní 1989 pàṣẹ kí wọ́n máa yẹ ìtọ́jú àwọn ọmọ inú bọ́dìn wò, nígbà tó sì di 1999, lílu ọmọ di èèwọ̀ ní gbogbo ilé-ìwé olómìnira ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kí àtúnṣe wọ̀nyí tó dé ni bọ́dìn ti rékọjá òkun wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù kẹfà ọdún 1859, Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Àjàyí Crowther, ṣí CMS Grammar School ní Èkó pẹ̀lú ọmọ 6, gbogbo wọn ló sì ń gbé inú ilé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Cotton House. Ìjọba amúnisìn dá King's College sílẹ̀ ní 1909, ó dá Queen's College fún àwọn ọmọbìnrin ní 1927, ó sì dá Government College sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1929. Kì í ṣe ilé-ìwé olómìnira ni àwọn tí ìjọba dá sílẹ̀ yìí, síbẹ̀ àwọn olùkọ́ tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó "ilé", pírífẹ́ẹ̀tì, eré kíríkẹ́ẹ̀tì àti agogo wá pẹ̀lú wọn. Wọlé Ṣóyínká wọ Government College Ìbàdàn ní 1946, inú ọgbà náà sì ni apá kan ìwé rẹ̀ Ibadan: The Penkelemes Years, tó jáde ní 1994, ti ṣẹlẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní King's College ní 1944 fi agbára tó wà nínú gbígbé pọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn. Ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, ìjọba gba ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọmọ ogun, wọ́n sì kó àwọn ọmọ náà lọ sí àwọn ilé kan láàárín ìlú tí kò bójú mu. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fi ohùn kan kọ̀, ìjọba kó wọn dé ilé-ẹjọ́, wọ́n sì fi tipátipá sọ 8 nínú wọn di sójà, ọ̀ràn náà sì wà lára ohun tó ru ìbínú àwọn tó ń jà fún òmìnira sókè ní ọdún náà. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń sùn sí yàrá kan, tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ kan, ti di ọmọ ìyá láìjẹ́ pé ìyá kan ló bí wọn, nígbà tí wọ́n sì fọwọ́ kan ibùsùn wọn, bí ọmọ ìyá ni wọ́n ṣe dìde. Ẹni tó bá fẹ́ sọ gbogbo òtítọ́ nípa bọ́dìn kò gbọ́dọ̀ gbàgbé èyí.

Ní ti Parakou, ìlà tí wọ́n fà sórí ìwé ní Paris ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1898 ló pinnu irú bọ́dìn tí ọmọ ibẹ̀ yóò mọ̀. Lọ́jọ́ náà ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín Borgu sí méjì, tí Nikki àti Parakou bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Bussa sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìhà Faransé, ìjọba ló ń yan ọmọ pẹ̀lú ìdánwò, ìjọba ló ń bọ́ ọ, ìjọba náà ló sì ń sọ ohun tí yóò dà. Àwọn tó bá yege láti gbogbo Dàhòmì, orúkọ tí Bẹ̀nẹ̀ ń jẹ́ nígbà náà, máa ń lọ sí ilé-ìwé Victor Ballot ní Àjàṣẹ́, èyí tó di Lycée Béhanzin lónìí; àwọn àṣàyàn inú wọn sì máa ń kọjá lọ sí École William Ponty ní Sẹ̀nẹ̀gàl, níbi tí àwọn ọmọ láti gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti ń gbé pọ̀, tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ tàbí tí wọ́n ń múra sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìṣègùn.

Ọmọ Parakou ni Hubert Maga, tí wọ́n bí ní 1916. Ó lọ sí Victor Ballot, ó lọ sí William Ponty nígbà tí ilé-ìwé náà wà ní Gorée, erékùṣù kékeré tí òkun yí ká, ó padà wá ṣe olùkọ́ ní Natitingou, ó sì di ààrẹ àkọ́kọ́ fún Dàhòmì nígbà tó gbòmìnira ní 1960. Ní àkókò tó ń lọ sí Àjàṣẹ́, ojú irin tó ti Kútọnu bọ̀ kò tíì dé Parakou, nítorí 1936 ló tó wọ ìlú náà. Ọmọ tó bá fi Parakou sílẹ̀ nígbà náà yóò la ilẹ̀ àwọn Bàrùbá já, yóò gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá, yóò sọ̀ kalẹ̀ dé etí òkun, yóò tún fi òkun náà sẹ́yìn, ìyá rẹ̀ kò sì ní gbúròó rẹ̀ ju kí lẹ́tà kan dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹlòmíràn yóò kà fún un.

Ohun kan wà ní Ponty tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń dá ilé-ìwé bọ́dìn sílẹ̀ lóde òní gbé yẹ̀ wò. Ní àwọn ọdún 1930 àti 1940, wọ́n máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tí wọ́n bá rí nílé wọn nígbà ìsinmi sínú ìwé: bí wọ́n ti ń gbéyàwó, bí wọ́n ti ń dáko, bí wọ́n ti ń sin òkú, irú àlọ́ tí àwọn àgbà ń pa. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní Dakar títí di òní. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n kó jọ di eré orí ìtàgé, àwọn ọmọ Dàhòmì wà ní iwájú nínú iṣẹ́ náà, eré wọn tó ń jẹ́ Sokamé sì dé orí ìtàgé ní Paris ní 1937. Kò sí àní-àní pé amúnisìn ní ìdí tirẹ̀ tó fi fẹ́ mọ inú ilé àwọn tó ń ṣàkóso lé lórí. Síbẹ̀ iṣẹ́ ìsinmi yẹn fi agbára mú ọmọ bọ́dìn láti padà sílé, kó jókòó ti bàbá àgbà, kó béèrè ọ̀rọ̀, kó sì gbà pé ohun tó wà nínú orí ẹni tí kò mọ̀wé náà tó ohun tí a ń kọ sílẹ̀.

Ilé-ìwé kan náà tó fi ọwọ́ kan pe ọmọ wá sílé ń fi ọwọ́ kejì lé e jáde. Ní àwọn ilé-ìwé Faransé, ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọgbà ni wọ́n ń fi nǹkan kan kọ́ lọ́rùn, ìbáà jẹ́ egungun, igi tàbí páànù, àmì ni wọ́n sì ń pè é. Yóò máa gbé e kiri títí yóò fi gbọ́ èdè ilé lẹ́nu ọmọ mìíràn, kó tó rí ẹni tí yóò gbé e kọ́ lọ́rùn. Ní ìhà Nàìjíríà, owó ìtanràn tàbí ìyà ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé fi ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Fún ọmọ tó ń lọ sílé lọ́sàn-án, ìyà yìí ń parí ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, nítorí ìyá rẹ̀ yóò kí i káàbọ̀ ní èdè rẹ̀. Fún ọmọ bọ́dìn, kò sí ẹnu ọ̀nà kankan, àyàfi kó máa lá àlá ní èdè tí wọn kò jẹ́ kó sọ bó bá jí.

Lónìí, ọ̀nà tí ọmọ Parakou lè gbà kúrò nílé nítorí ìwé ti pọ̀ sí i. Sémínárì kékeré àwọn Kátólíìkì wà fún ọmọkùnrin tó ń ronú àtidi àlùfáà, ilé-ìwé ológun wà ní Bembèrèkè ní ìhà àríwá ìlú fún ọmọkùnrin, òmíràn sì wà ní Natitingou fún ọmọbìnrin. Àwọn òbí Yorùbá tí òwò ti sọ di ẹni ẹnubodè méjì a máa ronú nípa ìhà Nàìjíríà pẹ̀lú, kí ọmọ wọn lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Faransé. Àwọn ilé-ìwé olómìnira Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn sì ti ń sún mọ́ tòsí: Charterhouse, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1611, ṣí ẹ̀ka kan ní Èkó ní 2024. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí gba owó-orí ìdá 20 nínú 100 lórí owó ilé-ìwé olómìnira láti ọjọ́ kìíní ọdún 2025, èyí tó mú kí ẹrù náà túbọ̀ wúwo fún òbí. Ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọmọ tálákà 70 ti wá di ọjà tí àwọn ọlọ́rọ̀ ayé ń du.

Ó tọ́ kí òbí tó ń gbèrò bọ́dìn ní Parakou béèrè àbájáde ìdánwò àti iye owó, ṣùgbọ́n àwọn ìbéèrè tó jinlẹ̀ jù kò sí nínú ìwé tí ilé-ìwé ń pín fún àlejò. Bí ibà bá mú ọmọ náà ní aago méjì òru, àgbàlagbà wo ni yóò gbọ́ igbe rẹ̀, ṣé yóò sì mọ orúkọ rẹ̀? Àṣẹ wo ni ọmọ tó dàgbà díẹ̀ ní lórí ọmọ tó kéré, ta ló sì ń wo ẹ̀yìn àṣẹ náà? Èdè wo ni wọ́n gbà kó fi sọ̀rọ̀ bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́? Ṣé wọ́n ń fún un ní iṣẹ́ ìsinmi tí yóò mú un jókòó ti àwọn àgbà ilé rẹ̀, àbí èyí tí yóò mú un ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn? Ilé-ìwé tó bá lè dáhùn àwọn wọ̀nyí ti gba ipò ìbátan tó wá tọrọ ọmọ ní Borgu láyé àtijọ́, nítorí ẹni tó gba ọmọ ti gba gbogbo ohun tó wà lára ọmọ náà. Èyí tí kò bá lè dáhùn wọn, ibùsùn àti oúnjẹ ló ń tà.

Òbí pàápàá kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ìpín tirẹ̀. Àpótí onírin tí wọ́n kó aṣọ, ọṣẹ, gàrí àti ẹ̀pà sí, tí wọ́n fi ọ̀dà kọ orúkọ ọmọ sí lára, jẹ́ ẹ̀jẹ́ láàárín ilé àti ilé-ìwé pé ọmọ yìí ní ibi tó ti wá. Àwọn àgbà Bàrùbá bẹ̀rù ojú àánú òbí, ìbẹ̀rù náà sì lọ́gbọ́n nínú, ṣùgbọ́n ìbátan ni wọ́n ń fa ọmọ lé lọ́wọ́, ẹni tí orúkọ ọmọ náà kò ṣàjèjì sí lẹ́nu. Ọmọ tí wọ́n fà lé agogo lọ́wọ́ nìkan, agogo nìkan ni yóò máa jẹ́ ìpè rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kìíní ìsinmi ni àṣírí gbogbo èyí máa ń tú. Kò sí agogo tó lù, síbẹ̀ ojú ọmọ bọ́dìn là ní aago márùn-ún àbọ̀, bó ti mọ́ ọn lára. Ó tẹ́ ibùsùn rẹ̀ láìsí ẹni tó sọ fún un, ilé sì yìn ín. Bó bá kọjá sí ọ̀ọ̀dẹ̀ lẹ́yìn náà, tó dọ̀bálẹ̀ tàbí tó kúnlẹ̀ fún ìyá àgbà, tó sì dúró gbọ́ gbogbo oríkì tí wọ́n fi dá a lóhùn, tí kò fi ojú wá ẹnu ọ̀nà, ilé-ìwé náà ti gba ọmọ, ó sì ti dá a padà fún àwọn tó ni í.